Níbo ni Omi Yóò Gbà? Ìrìn-àjò Ẹ̀kọ́ Wa sí Àjàṣẹ́

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni a kúrò ní Lómé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ méje tí à ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, pẹ̀lú olùkọ́ wa kan. A kọjá ẹnubodè Hìlákọnjì, a gba Grand-Popo àti Ouidah, a la ariwo Kútọnu já. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, a ti wọ Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn ará Gun ń pè ní Hogbonu, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Àwòrán wa wà lábẹ́ apá wa, a ká a bí ẹní. Ó dùn mọ́ wa nínú. A kò mọ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí yóò wúlò.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé kí a ya ilé ìkàwé kékeré kan fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, sórí ilẹ̀ kan tí ilé àtijọ́ ti wó lulẹ̀ ní àárín ìlú. Fọ́tò tí a yà láti ojú sánmà ni a fi mọ ilẹ̀ náà nígbà tí a wà ní Lómé. Lórí fọ́tò yìí ni a ti pinnu ohun gbogbo: ilé alájà, sìmẹ́ńtì àti gíláàsì, tí ó kọjú sí ọ̀nà, tí ògiri rẹ̀ gùn láti ìpẹ̀kun ilẹ̀ kan dé ìkejì.

Kí a tó dé ibẹ̀, olùkọ́ wa kọ́kọ́ mú wa rìn yí ìlú ká. A rí ilé àwọn Àgùdà, àwọn tí wọ́n padà wá láti oko ẹrú ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsílì. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tí ó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba òmìnira ni wọ́n lé kúrò, àwọn mìíràn sì fúnra wọn wá ọkọ̀ padà sí etí òkun wa. Wọ́n mú iṣẹ́ mọlémọlé àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà bọ̀. Mọ́sálásí ńlá tó wà nítòsí ọjà, tí iwájú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, fi ọwọ́ wọn hàn. Ṣùgbọ́n ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé lẹ́yìn ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ òkèèrè wọ̀nyí, amọ̀ ilẹ̀ yìí gan-an ni ògiri ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà. Wọ́n gbé ìmọ̀ wá láti òkè òkun, wọ́n sì bi ilẹ̀ tí wọ́n bá léèrè ohun tó fẹ́.

Lọ́jọ́ kìíní, olùkọ́ wa gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ gbogbo wa. Wọ́n ní kí a jókòó. A jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. A fi òkúta sàmì sí ibi tí òjìji dé ní wákàtí méjì méjì. Ní ọ̀sán, gbogbo ènìyàn sá sábẹ́ igi máńgòrò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀: alákàrà, àwọn ọlọ́kadà, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Nínú àwòrán wa, a ti gé igi yẹn. Nígbà tí oòrùn sì yí sí ìwọ̀, ojú ọ̀nà tí a fẹ́ fi gíláàsì kọjú sí ni ó ń jó.

Lọ́jọ́ kejì, òjò rọ̀. Àjàṣẹ́ dà gẹ̀rẹ́ sí ìhà ọ̀sà, omi kò sì gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ó ti ojú ọ̀nà wọlé, ó la àárín ilẹ̀ náà já. Ìyá àgbà kan tí ilé wọn bá ilẹ̀ náà pààlà jáde wá wò wá. A tẹ́ àwòrán wa síwájú wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó dára. Níbo ni omi yóò gbà?”

Kò sí ẹni tó lè fèsì. Ògiri gígùn tí a yà ni yóò dí omi náà, ẹsẹ̀ ògiri ilé wọn ni ìbá sì darí gbogbo rẹ̀ sí. Ilé tí wọ́n bí ọmọ wọn sí ni à bá wó, kí àwọn ọmọ ẹlòmíràn lè rí ibi kàwé.

Ògiri náà ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Bàbá mọlémọlé kan fi ìka kàn án, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ dún bí akèrègbè òfìfo. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé amọ̀ a máa mí. Omi a máa gòkè láti inú ilẹ̀ wọ ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa gbẹ ẹ́. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ògiri a máa rọ̀ nínú, kí ẹni tó wà lóde má sì mọ̀ títí yóò fi ya lulẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ àwòrán mìíràn lábẹ́ igi máńgòrò. A fi ọ̀nà omi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbàlá tí a fi òkúta tẹ́. A gbé ilé náà sórí pèpéle gíga, a sì mú un jìnnà sí ògiri ìyá àgbà. A mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí òrùlé tó yọ síta lè dáàbò bò ó. A ṣí fèrèsé sí fèrèsé, kí atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn lè la inú rẹ̀ kọjá. Ilé ìkàwé náà kéré sí ti àkọ́kọ́. Igi náà di yàrá rẹ̀ tó dára jù.

A ṣàlàyé àwòrán náà fún àwọn ará àdúgbò ní èdè Yorùbá, ní Gun àti ní Faransé. Ìyá àgbà fi ìka tọ ọ̀nà omi lórí ìwé láti ojú ọ̀nà títí ó fi jáde lẹ́yìn. Wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá a lè bá àwọn wo ògiri tiwọn.

Ọjọ́ tó kù fún wa ni a lò fún un. Lábẹ́ àṣẹ bàbá mọlémọlé, a há sìmẹ́ńtì kúrò ní ẹsẹ̀ ògiri náà, a po amọ̀, a rẹ́ ẹ padà, a sì la ọ̀nà tóóró fún omi. A kò tíì mọ ìgbà tí owó ilé ìkàwé yóò dé. Àwòrán ṣì ni. Ṣùgbọ́n ògiri ìyá àgbà ti ń gbẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èyí tí a fi fọ́tò ojú sánmà nìkan yà kò yàtọ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀, kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.