Epo Inú Ìgò

Ẹni tí ó bá ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ gba ojú títì lọ sí Kútọnu kò lè ṣàì rí àwọn tábìlì pákó tí wọ́n to ìgò lé lórí lẹ́bàá ọ̀nà. Ìgò ọtí wà níbẹ̀, ìgò oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀ sì wà níbẹ̀. Àlejò tí kò mọ ìlú lè rò pé oyin ni wọ́n ń tà. Epo bẹntiróòlù ni. Kpayo ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí kì í ṣe ojúlówó. Láti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbé e wọlé láìsan owó ibodè.

Àwọn oníbàárà rẹ̀ pàtàkì ni àwọn ọlọ́kadà ìlú náà, àwọn zémidjan, tí ẹ̀wù ìyeyè wọn kún ìgboro. ‘Gbé mi kíákíá’ ni ìtumọ̀ orúkọ wọn, wọn kì í sì í fi àkókò ṣòfò nídìí epo pẹ̀lú. Olùtà á ki àrọ bọ ẹnu táńkì, á ta aṣọ pélébé sí i, á da epo sí i, ó parí. Iye owó lítà kan ni ìbéèrè. Kò sí ẹni tí ń bèèrè bí epo náà ti mọ́ tó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìgò nìkan ni èéfín ti ń wá. Fún ọdún gbọọrọ, alùpùpù tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wọn ni irú èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ojú ihò tí epo tútù ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde a máa ṣí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, apá kan epo á bá èéfín jáde láìjóná, ọ́ìlì á sì di èéfín funfun tí ó ń ṣe bí aró, tí ń ta ènìyàn lójú. Awakọ̀ tí ó bá sì da ọ́ìlì sí i ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí ìbẹ̀rù kí ẹ́ńjìnnì má baà kú, ń sọ èéfín náà di ìkúùkù. Owó ara rẹ̀ ni ó ń sun.

Òun gan-an ni ó sì kọ́kọ́ ń fà á símú. Ṣùgbọ́n òun yan epo tirẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n dúró ní oríta kò yan nǹkan kan.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá di gbogbo ẹ̀bi ru awakọ̀ kò dájọ́ dáadáa. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìjọba Nàìjíríà ni ó ń san lára owó epo tí ó fi pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀, títí ó fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó kpayo fò sókè, àwọn zémidjan sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí àwọn ilé epo tí wọ́n ti ń wò kọjá tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìwàásù lórí ẹ̀dọ̀fóró ni ó darí wọn síbẹ̀.

Kpayo kò tìtorí èyí parẹ́. Àwọn alùpùpù titun, tí ọ́ìlì wọn dá wà lọ́tọ̀, ti ń gba ipò àwọn ti àtijọ́, èéfín wọn sì fúyẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ọkọ̀ há ní oríta Étoile Rouge, ènìyàn á rí awakọ̀ tí ó fi áńkáṣíìfù di imú, tí ó na ọwọ́ sí ẹni tí ń ta ìgò pé kí ó da lítà kan sí i.