Wọ́n Á Bi Ọ́ Ní Agboolé

Bí ọkọ̀ tó gbéra ní Ìwó Road bá ti sọdá odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjirè, kì í pẹ́ tí àwọn onídòdò Ìkirè fi ń ya bo fèrèsé. Mo ra tèmi, epo pupa kùn mí lọ́wọ́, mo bá gba ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ṣe lọ. Láti ìgbà omíyalé Ìbàdàn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni ọ̀rọ̀ àwọn tí àjálù lé kúrò nílé ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ó gbé láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan kalẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, kò sí háàdì nínú ẹ̀ o.” Ó ki fláàṣì bọ̀ ọ́, Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sì yọ. Irú rẹ̀ ni Knoppix tí Klaus Knopper ará Jámánì gbé jáde ní 2000 máa ń fi sídì ṣe nígbà náà. Tí o bá ti pa á, ohun tí o tẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹni tó kàn kò ní ka lẹ́tà rẹ. Níbi tí àwọn tí àjálù lé kúrò nílé bá ti ń pín kọ̀ǹpútà kan lò, nǹkan ńlá ni.

Àmọ́ nígbà tí ìjì Katrina lé àwọn ará New Orleans kúrò nílé ní 2005, aṣàwákiri Internet Explorer 6 nìkan ni ojúewé tí FEMA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àjálù, ní kí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ ń gbà. Ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ, tó wá jókòó ti Linux, àfi kó dìde! Ó burú lójú mi.

Ọ̀kadà gbé mi dé Apòmù. Ìjínigbé ní ọjà ìlú yìí wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Àwọn Òwu fọ́n ká. Àwọn kan dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1834. Mo rò pé oríkì àti ilà ojú ni wọ́n fi ń wá ara wọn.

Mo ń bèèrè ilé ẹnì kan. Mo dárúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé, ìyá alágbo kan kàn ń wò mí. “Ọmọ agboolé wo ni, ọmọ mi?” Mo dárúkọ agboolé náà, ó nawọ́ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Sahana ló sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn ará Sri Lanka ló ṣe é lẹ́yìn tí òkun ya lù wọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, kí wọ́n lè máa fi wá àwọn tó sọnù. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi àyè agboolé àti oríkì kún un láìtọrọ àṣẹ.

Mo pe ọmọkùnrin Ìkirè lórí fóònù, mo bi í bóyá ó lè fi wọ́n kún un. Ó ní ìyẹn kò le. “Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò máa ra epo jẹnẹrétọ̀?”