Idà Tí Kò Fẹ́ Ìdákẹ́jẹ́

Idà àkọ́kọ́ tí a ṣe kò dáa rárá. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ tí a parí rẹ̀, inú wa ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe géèmù yìí. Àgọ́-Ìwòyè la ti pàdé, nígbà tí a ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, gbogbo wa sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, kóòdù kíkọ la fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n géèmù tí à ń wí yìí kì í ṣe ti orí kọ̀ǹpútà o. Ìdí tábìlì la ti ń ṣe é. Ẹnì kan á jẹ́ apàlọ́, àwọn yòókù á mú ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan: ọdẹ, babaláwo, ọlọ́kọ̀ ojú omi. Wàá sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn rẹ fẹ́ ṣe, wàá ju dáìsì olójú ogún, dáìsì á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe àbí kò ṣeé ṣe. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló gbé baba irú géèmù yìí jáde ní 1974, Dungeons & Dragons lorúkọ rẹ̀. Àwa ń kọ tiwa ní Yorùbá, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí iná bá wà, àti nígbà tí kò bá sí náà.

Nínú ìwé àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn, idà oṣó máa ń ní nọ́ńbà lára: +1, +2, +3. Àwa fún tiwa ní +10. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí o bá nílò 15 kí idà rẹ tó ba iwin, ojú mẹ́fà péré lára dáìsì ló lè gbà ọ́, ìyẹn 30 nínú 100. Fi +10 kún un, ó di ojú mẹ́rìndínlógún, 80 nínú 100. Iwin tó yẹ kó dẹ́rù bà wá fún oṣù mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi pa á. Apàlọ́ wa pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní òun ń lọ sùn.

Idà Ògún la pè é. Nínú fáìlì wa a kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, torí ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ tí a wá "ogun" nínú fáìlì náà, gbogbo ẹbí ló jáde: ogun tí wọ́n ń jà, oògùn tí wọ́n ń sà, ogún tó jẹ́ iye ojú dáìsì wa, ogún tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, Ògún onírin, àti Odò Ògùn. (Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orúkọ òrìṣà ni ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́. Odò ni o.) A fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a kọjá lọ.

Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọ Òde-Omi, ní Ogun Waterside, ní apá ibi tí ìpínlẹ̀ wa ti kan òkun. Ìsinmi Àjíǹde kan, a tẹ̀lé e lọ sílé. A bá bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, a dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní ká jókòó. Wọ́n bi wá ní ohun tí à ń ṣe lórí ìwé ní gbogbo òru tí a kò jẹ́ kí èèyàn sùn. A ṣàlàyé. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́, ó tiẹ̀ yà wá lẹ́nu.

"Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún yín nìyẹn?"

A ní rárá, sà.

"Ó dáa. Idà yìí, kí lèèwọ̀ rẹ̀?"

A wo ara wa lójú. A ní kò ní èèwọ̀ kankan, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá àwọ̀n wọn lọ. "A jẹ́ pé irin lásán ni. Àdá tí mo fi ń gé okùn náà mú."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ ká gbádùn ara wa títí a fi padà sílé. Ta ni kò mọ̀ pé ohunkóhun tó bá lágbára ló ní èèwọ̀? Oògùn tí wọn kò sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún ọ, àgbo lásán ni. Àwọn òyìnbó náà ní ohun tó fẹ́ jọ ọ́: nínú ìwé D&D ti 2014, ẹnì kan kò lè so ara rẹ̀ mọ́ ju ohun oṣó mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìyẹn òfin ìṣírò ni, kì í ṣe èèwọ̀. Michael Moorcock sún mọ́ ọn jù wọ́n lọ. Láti 1961 ló ti ń kọ̀wé nípa Stormbringer, idà tó ń mu ẹ̀mí èèyàn, tí kì í dá ọ̀rẹ́ olówó rẹ̀ sí. Nílé níbí, Fágúnwà ti fún wa ní Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn láti 1938. Kò sẹ́ni tó máa ṣírò agbára kùmọ̀ yẹn. Ó ti wọ inú orúkọ ẹni tó ni ín, ó parí.

Ní ti ohun ìjà tí kò ní èèwọ̀, àwa ará Ìjẹ̀bú mọ ọ̀kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ wọlé, wọ́n sì bá àwọn jagunjagun Ìjẹ̀bú pàdé lódò Yẹmọji, ní Ìmàgbọ̀n. Ìbọn Maxim wà lọ́wọ́ wọn, irú èyí tó lè yin ọta bí 600 ní ìṣẹ́jú kan. Kò béèrè pé kí ẹni tó ń yìn ín ṣe ètùtù, kò béèrè irú èèyàn tó jẹ́. Ọta ni kó ṣáà ní. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ká fi ìbọn yẹn sínú géèmù. Àwọn mẹ́ta yòókù kọ̀ jálẹ̀.

Ìrè-Èkìtì la ti wá rí èèwọ̀ idà wa. Ẹ ti gbọ́ ìtàn náà rí: Ògún ti ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn èèyàn níbi ìpàdé kan tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó gbé akèǹgbè ẹmu, òfìfo ni. Ó fa idà yọ. Ìgbà tó máa fi mọ̀ pé àwọn èèyàn òun lòún ń pa, ọwọ́ ti bọ́. Ó wọlẹ̀ lọ.

A yọ +10 kúrò. A sọ idà náà ní Má-Dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fà á yọ, gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí dáìsì tó dúró. Kì í ṣe ẹ̀dá ìtàn wọn o, àwọn fúnra wọn. Kí i, bú u, kọrin fún un, ohun tó bá wù ọ́. Ẹnu kọ̀ọ̀kan tó bá sọ̀rọ̀ jẹ́ +1. Ẹni tó bá dákẹ́, òun ni idà yóò bá.

Ẹ gbà wá gbọ́, kò sí ohun tí a ṣe tó dùn tó o. Àwọn aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan nínú wa tí kì í sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ki idà bí ọmọ onílù.

Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Ìjà wà nínú ìtàn, wọ́n fa Má-Dákẹ́ yọ, ariwo sọ, dáìsì ń yí. Ọmọ Òde-Omi wa ń wo fóònù rẹ̀. Dáìsì dúró. A na ìka sí i, à ń pàtẹ́wọ́: "O ti kú! O ti kú!" Ọlọ́kọ̀ rẹ̀, tó ti ń lò fún ọdún mẹ́rin, la ń wí. Ẹnì kan ti fi bírò fa igi lórí orúkọ ẹ̀dá náà, à ń rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè. A rò pé ó ń bínú torí ọlọ́kọ̀ rẹ̀ ni. Ó dojú fóònù rẹ̀ dé orí tábìlì.

"Bàbá ni," ló wí.

A bá a lọ sí Òde-Omi. A gbé àga, a pọnmi, a ṣe gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ ń ṣe nílé òkú. Àwọ̀n náà ṣì wà níbi tí wọ́n fi í kọ́ sí, ihò ṣì wà lápá kan rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, oṣù mẹ́rin kọjá tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba géèmù. Ojú ń tì wá. Ohun tí ìtàn Ìrè sọ pé ó ṣẹlẹ̀ gan-an la ṣe, a tún pàtẹ́wọ́ sí i.

Nígbà tí a tún jókòó, àríyànjiyàn ni. Ẹnì kan ní ká pa òfin náà rẹ́. Ẹnì kan ní òfin kò ṣẹ̀, àwa la ṣẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, tí kóòdù bá ṣe bí a ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, tó sì ṣe èèyàn léṣe, a kì í di ẹ̀bi ru kọ̀ǹpútà. Ọmọ Òde-Omi gbọ́ tiwa tán, ó ní ká má pa á rẹ́ o, bàbá òun ló ní kí idà ní èèwọ̀. Ó wá ní ká tún ìtàn yẹn wò. Àwọn ará Ìrè kò yájú sí Ògún. Èèwọ̀ tiwọn ni wọ́n ń pa mọ́ tí wọ́n fi dákẹ́.

Ìlà kan péré la fi kún un. Kí idà tó ba ẹni tó dákẹ́, ẹni tó mú un lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ gbé e sílẹ̀, kó bi í pé, "Kí ló dé?" Bí ó bá dáhùn, idà padà sínú àkọ̀ fún ọjọ́ yẹn. Ìyà tó wà níbẹ̀ kò kéré: ọ̀tá á rí àyè lu gbogbo yín láìsí idà. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kan, iná ìyẹ̀fun ọ̀kà tí ẹnì kan gbé kaná ló ń rò.

A fẹ́ jí ọlọ́kọ̀ rẹ̀ dìde, ó kọ̀. Ó ní ó ti kú, ó kú náà nìyẹn. Ọmọ ọlọ́kọ̀ náà ló mú báyìí. Níbi tí a ti ń kọ ẹrù sí lórí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀: àwọ̀n, ogún bàbá mi. A kò tíì mọ ohun tí àwọ̀n náà lè ṣe. Èèwọ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wá.