Bọ̀dá Alájọ àti Àwọn Ọ̀daràn Belle Reve

Fóònù kan ṣoṣo ni àwa mẹ́ta jọ ń lò lọ́dún tí Bọ̀dá Alájọ tẹ̀wọ̀n dé, orí fóònù náà la sì ti ka Suicide Squad. Kì í ṣe fíìmù là ń sọ o. Òótọ́ ni pé fíìmù ti 2016 ló kọ́kọ́ fà wá mọ́ra, torí nígbà tí wọ́n ń to orúkọ àwọn òṣèré lẹ́yìn eré, a rí Adewale Akinnuoye-Agbaje níbẹ̀, la bá figbe ta. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni, òun ló ṣe Killer Croc, ọkùnrin tí awọ ẹ̀ rí bíi ti ọ̀nì. Ṣùgbọ́n èyí ẹ̀gbọ́n nínú wa ní fíìmù yẹn ò tó nǹkan kan, pé ká lọ wá ìwé aláwòrán, kọ́míìkì tí John Ostrander kọ tí Luke McDonnell sì ń ya àwòrán ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ó parí ní 1992, ẹ̀dà 66.

Bó ṣe lọ nìyí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, Belle Reve lorúkọ ẹ̀. Àwọn ọ̀daràn abàmì ló wà níbẹ̀: ọkùnrin tí ìbọn ẹ̀ kì í tàsé, ọmọbìnrin tó lè mú kí ẹlòmíì máa rí ohun tí ò sí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Amanda Waller á wá bá wọn dúnàádúrà. Ẹ bá ìjọba ṣe iṣẹ́ kan, irú iṣẹ́ tí ìjọba á sẹ́ kanlẹ̀ tó bá dàrú. Tẹ́ ẹ bá padà láàyè, ẹ̀wọ̀n yín á dín kù. Wọ́n á wá fi ẹ̀gbà kan sí wọn lọ́wọ́, bọ́ǹbù ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sá, ọwọ́ ẹ̀ á fò dànù.

Waller la kọ́kọ́ fẹ́ràn. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni, ó sanra, kò lè fò, iná ò yọ lójú ẹ̀. Ní Cabrini-Green, n'ílùú Chicago, ni àwọn ọ̀daràn ti gba ọmọ méjì àti ọkọ lọ́wọ́ ẹ̀. Bó ṣe máa ń dúró nínú àwòrán yẹn, bí ìyálọ́jà tí oníbàárà fẹ́ rẹ́ jẹ ló rí. A mọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ló bí wa.

Bọ̀dá Alájọ, àbúrò màmá wa ni. Kó tó ṣẹ̀wọ̀n, òun ló ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, màmá wa sì wà lára wọn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé orí ẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní ó gba àjọ láìkọ ọ́ sílẹ̀ tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Bọ̀dá tiwa kọ ọ́ sílẹ̀ ní tiẹ̀. Ìwé ẹ̀ mọ́ tónítóní. Owó gan-an ni ò sí níbẹ̀. Ó ti fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Owó WAEC èyí ẹ̀gbọ́n nínú wa wà níbẹ̀, ọdún kan gbáko ló sì fi jókòó sílé. Àwọn ìyá ọjà fọlọ́pàá mú un. Màmá wa ò bá wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọn ò sì lọ bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ọdún méjì ló lò. Nígbà tó dé, yàrá wa ni wọ́n fi í sí. Ẹ ti rí i pé "ó" là ń pè é látàárọ̀. "Wọ́n" là ń lò fún un tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká yí i padà, ó kàn yí bẹ́ẹ̀ ni. Tá a bá wà níwájú ẹ̀, à ń sọ pé "ẹ káàárọ̀, sà". Tó bá ti yí ẹ̀yìn, ó di "ó ti jáde", "ó ti jẹun". Lálẹ́, á na ẹní ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwa á fi aṣọ bo orí, a ó máa ka kọ́míìkì lábẹ́ ẹ̀.

A ò mọ̀ nígbà yẹn pé òun là ń wá nínú ìwé náà. Ẹni tá a fẹ́ kó jọ ni Bronze Tiger, tí àwọn kan fi tipá sọ di apààyàn, tó wá ń làkàkà láti tún ara ẹ̀ ṣe. Ẹni tó jọ ni Captain Boomerang. Ará Australia ni Boomerang, igi títẹ̀ tí wọ́n ń jù tó ń padà sọ́wọ́ ẹni ni ohun ìjà ẹ̀. (Ká sòótọ́, kò ní agbára àrà kankan ju ìyẹn lọ.) Òpùrọ́ ni, ojo ni, ó sì máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó nígbà tí ẹnì kan ń sọ páì oníkúríìmù lu àwọn èèyàn lójú nínú ọgbà yẹn, tí gbogbo wọn ń wá ẹni tó ń ṣe é kiri. Boomerang ni.

Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà kejì, Mindboggler, ọmọbìnrin tó ń mú kéèyàn rí ohun tí ò sí, ti dójú ti Boomerang ṣáájú. Ìjà wá le, Boomerang sì rí ọ̀tá tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn ọmọbìnrin náà. Ì bá pariwo. Ó dákẹ́, wọ́n sì pa ọmọ náà. A pa fóònù. Àfi bíi pé àwa la dákẹ́, torí a ti ń bá ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín bọ̀.

Ẹ̀dà kẹsàn-án tún burú sí i. Boomerang fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni bọ́ǹbù wà nínú ẹ̀gbà ọwọ́ wọn. Kò fi ọwọ́ tara ẹ̀ dán an wò. Ó lọ ki ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan, Slipknot, láyà pé kó sá. Slipknot sá, apá ẹ̀ sì já. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wa gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá gan-an nìyí. Owó onówó ló fi dán an wò."

Ohun tó mú wa ka ìwé náà dópin ni pé Ostrander ò sọ Boomerang di èèyàn gidi lójijì. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, orin kan á dún, ẹni burúkú á sunkún, ó parí. Níbí, bí Boomerang ṣe wà náà ló ń wà, síbẹ̀ òǹkọ̀wé ò gbé e jù nù. Kò sì fi Waller pa mọ́. Nínú ẹ̀dà 22, ó rán Deadshot kó lọ dá ọ̀gá wọn, Rick Flag, dúró, kó má bàa pa sẹ́nétọ̀ kan. Deadshot dá a dúró lóòótọ́: òun fúnra ẹ̀ ló yìnbọn pa sẹ́nétọ̀ náà. A rẹ́rìn-ín títí. Ó dára fún Waller! Ẹni tó jẹ́ bọ́ǹbù ló fi ń pàṣẹ fáwọn èèyàn, ohun tó tẹnu ẹ̀ jáde nìkan ni wọ́n á bá a ṣe. Nígbà tó yá, òun alára ṣẹ̀wọ̀n.

Bọ̀dá ká wa mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ kan. A fi ibi páì hàn án, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá bèèrè ohun tí wọ́n so mọ́ wọn lọ́wọ́. A sọ fún un. Ó ní, "Àwọn yẹn mà sàn o. Wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n á bọ́ ọ." Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tó ní ká yá òun ní ẹgbẹ̀rún kan náírà.

Màmá wa ti bá a ṣètò tiwọn. Á máa ru ẹrù fún gbogbo ìyá tó jẹ ní gbèsè, wọ́n á máa yọ ọ́ nínú gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Ìwé àjọ ọjọ́sí ni màmá wa fi ń ṣírò ẹ̀, wọ́n kàn dojú ẹ̀ dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kò sí ẹ̀gbà kankan. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n kó ₦60,000 lé e lọ́wọ́ pé kó lọ ra gàrí wá láti Ìsẹ́yìn. A ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la wo ara wa.

Aago márùn-ún lù, kò dé. Aago méje, fóònù ẹ̀ ò lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀. Màmá wa ń ṣa ẹ̀wà, èyí tí wọ́n ti ṣà tán ni wọ́n tún ń ṣà. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wa dúró sójú fèrèsé, kò sọ pé "ṣé ẹ rí i báyìí?", bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀ ló yẹ kó ti jáde. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, ó ní, "Wọ́n ti dé."

Ó rẹ gbindin, àpò gàrí wà nínú ọ̀rá. Owó tó kù dín ₦500. Ó ní mọ́tò ló bàjẹ́ lọ́nà, ó wá ń sín awakọ̀ náà jẹ, bó ṣe ń tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ́ńjìnnì tó sì ń bẹ̀ ẹ́ bí ìyàwó tó ń bínú. A ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín. Màmá wa ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa ìwé yọ, wọ́n kọ ₦500 sí i, wọ́n ní kó lọ bọ́ aṣọ tútù ọrùn ẹ̀, kó wá jẹun.