Òkúta Tí A Fọ̀

Ọjọ́ Sátidé la kó àwọn àrọ̀ wa lọ sí táńkì tuntun. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, wọ́n ti ń kú.

Mẹ́ta ni wá, ọmọ ìyá kan náà, ní Ìkogà, lápá Àgbádárìgì. Tí ẹ bá ń rí "a, a" nínú ìtàn yìí, kì í ṣe pé a fẹ́ gbé ara wa ga o. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dá ẹ̀bi náà rù nínú wa ni. Bàbá wa fi àwọ̀n pẹja lórí ọ̀sà títí ara fi kọ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé nígbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́, koríko ò bo ojú omi báyìí. Koríko olódòdó tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth yẹn, 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lórí omi Nàìjíríà, ọ̀sà Àgbádárìgì tiwa yìí ló sì gbà wọlé láti orílẹ̀-èdè Benin. Tó bá ti dí ojú omi, ọkọ̀ ò ní rìn, àwọ̀n ò ní rì. Ìyẹn ló mú ká ronú pé ká kúkú máa sin ẹja lẹ́yìnkùlé.

Tapólì aláwọ̀ búlúù la fi bẹ̀rẹ̀. A nà án sára igi, a rọ omi kànga sí i, a kó ọmọ àrọ̀ sínú ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ la gbé dúrọ́ọ̀mù kan sí, tí a da òkúta wẹ́wẹ́ àti ìkarahun ìṣáwùrù kún. Póńpù kékeré kan tó ń lo sólà ń fa omi tapólì gba inú dúrọ́ọ̀mù yìí. Omi á gba àárín òkúta kọjá, á tún padà sọ́dọ̀ ẹja. A rí i kọ́ níbì kan ni, a ò fi bẹ́ẹ̀ bèèrè pé kí ló ń ṣe. A gbà pé ó ń sẹ́ ìdọ̀tí, bíi sẹ́ẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì.

Àwọn ẹja náà dàgbà. Tapólì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìyá wa, tó ń yan ẹja lọ tà lọ́jà Agbálátà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ tiẹ̀ nígbà náà. Owó yẹn, òrùlé ibi tó ti ń yan ẹja ló fẹ́ fi tún ṣe kí òjò tó dé. Ó wo tapólì, ó wò wá, ó kó owó náà fún wa pé ká fi mọ táńkì oníbúlọ́ọ̀kù. Kò sọ pé ká san án padà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wúwo.

Bíríkìlà ṣe tiẹ̀, ó lọ. Bàbá kan ládùúgbò wa tó ti ń sin ẹja tipẹ́ wá wò ó, ó ní ká má tíì kó ẹja kankan wọ ibẹ̀. Sìmẹ́ńtì tuntun, ó ní, ń sọ omi di bí omi eérú. Ká rọ omi kún un, ká gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ká fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká dà á nù, ká tún rọ òmíràn. A gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe é. Tapólì ń jò, ẹ má bínú.

Ọjọ́ ìkólọ fúnra ẹ̀ dára. Láti ọjọ́ Ẹtì la ò ti fún wọn lóúnjẹ, kí wọ́n má baà ba omi jẹ́ lójú ọ̀nà. A jí kí oòrùn tó yọ. A ṣà wọ́n ní ńlá ní ńlá, kékeré ní kékeré, nítorí àrọ̀ ò mọ ẹbí. Èyí tó bá ti tóbi ju èkejì lọ á gbé e mì. A gbé bàsíà kọ̀ọ̀kan lé orí omi tuntun, à ń bu omi náà sí i díẹ̀díẹ̀ kí òtútù tàbí ooru má baà dé bá wọn lójijì. 280 la kà. Ẹyọ kan ò kú lọ́jọ́ yẹn.

Ó wá ku òkúta inú dúrọ́ọ̀mù. A dà wọ́n sílẹ̀: dúdú, wọ́n ń rùn, ohun kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá bò wọ́n lára. Ta ló máa ń kó ìdọ̀tí ilé àtijọ́ wọ ilé tuntun? A gbé omi gbígbóná wá, a gbé ọṣẹ wá, a gbé kàn-ìn-kàn-ìn wá. A fọ òkúta ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, a sá a sóòrùn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, wọ́n funfun bí eyín. A ya fọ́tò wọn, a gbé e sí status WhatsApp. Omi àtijọ́, a dà á sórí ewédú. (Ewédú yẹn ṣe dáadáa o, òun nìkan ló jèrè.)

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn ò jẹun. Wọ́n ń gbórí sókè, wọ́n ń gbẹ́nu sí afẹ́fẹ́. Àrọ̀ sì máa ń mí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà a ò fura. Ọjọ́rú, méje. Ọjọ́bọ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Obìnrin kan gbọ́, ó wá bá ìyá wa pé kó ta àwọn tó kú fún òun ní owó pọ́ọ́kú, òun á yan án, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìyá wa ní, "Mi ò mọ ohun tó pa wọ́n. Mi ò lè fi bọ́ ọmọ ẹlòmíì." Èdè Ògù ló fi kọ́kọ́ sọ ọ́, kó tó tún un sọ ní Yorùbá fún obìnrin náà. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ la sin wọ́n sí, òun fúnra ẹ̀ ló sì gbá ilẹ̀ ibẹ̀.

Lóru, àbúrò wa rí fídíò kan lórí fóònù. Ọ̀gbẹ́ni òyìnbó kan ń kó ẹja omi iyọ̀ àti òkúta wọn láti inú àpótí gíláàsì kékeré lọ sínú ńlá. Òkúta yẹn dọ̀tí ju tiwa lọ! Ṣùgbọ́n bó ṣe ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bu omi àtijọ́ sí ló ń kó wọn sí, kò jẹ́ kí wọ́n gbẹ, ó ń gbé wọn bí ẹni gbé ẹyin. Òkúta ló kọ́kọ́ wọ ilé tuntun, ẹja ló kẹ́yìn.

A ò lè sùn mọ́. A kà á títí ilẹ̀ fi mọ́. Ara ẹja, pàápàá ihò ìmí rẹ̀, ń tú amóníà sínú omi, májèlé sì ni. Ohun tó ń yọ̀ lára òkúta yẹn, ilé àwọn bakitéríà ni. Irú kan ń jẹ amóníà, ó ń sọ ọ́ di nitrite, tó ṣì ń pa ẹja. Irú kejì ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa á lára. Ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, ló ya irú àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ láti inú ilẹ̀ ní 1890. Tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti òfo, ó lè gba oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ó tún wá burú sí i: omi tó bá dà bí omi eérú ń jẹ́ kí amóníà le sí i. Ọjọ́ márùn-ún tí a yọ kúrò nínú ọ̀sẹ̀ méjì bàbá náà rèé.

A di òkúta funfun díẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, a gbé e lọ bá bàbá. A dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kúnlẹ̀. Bàbá gbé òkúta kan sókè, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọṣẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Kò bú wa. Ó bọ́ sínú kòtò ẹja tiẹ̀, ó kó òkúta àti ìkarahun tó wà níbi tí omi ń gbà jáde, ó kó o sínú àpò ìrẹsì tó ti rẹ sómi, ó ní ká sáré, kó má gbẹ. Orí ọ̀kadà la gbé e sí, omi rẹ̀ ń kán sí wa lẹ́sẹ̀ títí dé ilé. Ó ní ká dáwọ́ oúnjẹ dúró, ká máa pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi lójoojúmọ́, ká sì da iyọ̀ sí i, kílò kan fún lítà 1,000, nítorí iyọ̀ kì í jẹ́ kí nitrite ráyè wọ ara ẹja. Iyọ̀ sínú omi àrọ̀! Ìyá wa ló fún wa ní iyọ̀ náà, láti inú èyí tó fi ń pa ẹja yíyan lára.

Ikú ò dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lọ sílẹ̀ sí mẹ́sàn-án lóòjọ́, sí mẹ́ta, sí ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a ka èyí tó ṣẹ́ kù: 159. A tà wọ́n nígbà tó yá. Owó tó jáde ò tó owó àjọ.

Òkúta ti dúdú padà báyìí, wọ́n ń yọ̀. Òjò ti dé. Ìyá wa ní ká kó tapólì búlúù yẹn wá, ká nà án sórí ibi tó ti ń yan ẹja. A lẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́rin. Ibì kan ṣì ń jò, lápá ọ̀tún, níbi tó máa ń jókòó sí. Ó ti gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀.