Fùfú Lórí Aṣọ Funfun

Ẹni tí ó bá wọ yàrá ìjẹun hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ní Kumasi, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ ni yóò bá lórí aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè fùfú, omi ìṣanwọ́ ni yóò ṣáájú. Fùfú Àṣáńtì kì í ṣe ẹ̀gẹ́ kíkan: ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n ń gún pọ̀, tí wọ́n sì ń gbé sínú ọbẹ̀ nínú àwo kan ṣoṣo. Yorùbá tí ó mọ iyán lọ́tọ̀, ọbẹ̀ lọ́tọ̀, lè fẹ́ yínmú. Kí ó rọra. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà fi Kumasi ṣe ilé nígbà kan, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọmọ tí ó ti mọ fùfú ṣáájú iyán wá di àlejò nílé baba rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ kíláàsì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi òkèlè rẹ̀ ṣẹ̀sín. Oúnjẹ tí a fi tọ́ ọmọ dàgbà kò kéré sí oúnjẹ ẹnikẹ́ni.