Àdúrà tí mo gbà nítorí ọkọ̀ ojú irin

Nígbà tí gbogbo ará Okokomaiko ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ̀ ojú irin tètè dé, èmi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì dé. N kò sọ ọ́ síta rí. Kódà lọ́jọ́ tí mo jáde síwájú ìjọ láti dúpẹ́ pé Olúwa ti sọ mí di onílé, mo fo ibẹ̀ kọjá. Mo jó, wọ́n bá mi jó, wọ́n ní tiwọn náà á dé láṣẹ Olúwa. Ta ló mọ̀ pé obìnrin tí wọ́n ń bá yọ̀ yìí ti wà lórí eékún rí, tó ń dènà ohun tí gbogbo wọn ń retí? Ẹ̀rí àbọ̀ ni mo jẹ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tó kù rèé.

Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Okokomaiko sì ni ilé tí mo háyà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àgbádárìgì kò ní í bi mí pé kí lójú mi rí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti máa ń dúró síbùdókọ̀: dánfó dé Mile 2, òmíràn dé CMS. Bí tírélà kan bá takú sí Alákijà tàbí sí ojú Trade Fair, ọjọ́ náà ti bà jẹ́ nìyẹn. Láti 2010 tí iṣẹ́ rélùwéè ti bẹ̀rẹ̀ nígbà ìjọba Gómìnà Fáṣọlá ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ìyà náà kò ní í pẹ́ tán. Okokomaiko sí Marina, kìlómítà 27. A rí òpó, a rí bíríìjì, a jẹ eruku títí. Ọmọ tí mo ń pọ̀n nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì kí ẹnikẹ́ni tó jókòó nínú ọkọ̀ náà.

Ẹ̀yìn Ìyànà Ìbà ni ilé tí mo rà wà. Ká sòótọ́, Ìyànà Ìbà ni mo rà, ilé ló bá a wá. Ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ wọ̀tún wòsì: wọ́n ń pe Mile 2, wọ́n ń pe Àgbárá àti Àgbádárìgì, ọkọ̀ Ìgàndò àti Ìyànà Ìpájà ń gba ẹ̀gbẹ́ LASU lọ, kẹ̀kẹ́ Màrúwà ń já sí Ìbà. Bí ọ̀nà bá dí pátápátá, ọkọ̀ ojú omi wà ní Ọ̀jọ́. Ìjọba Gómìnà Jákàńdè ló dá LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, sílẹ̀ ní 1983, òun náà ló kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò Alábà àti sọ́jà bárékè Ọ̀jọ́ ti jọ ń wá yàrá, ilé kì í ṣófo.

Ọkùnrin tó kọ́ ilé náà ti bá ilé iṣẹ́ Volkswagen ṣiṣẹ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Ọ̀jọ́ ní 1975, tí àwọn kọ̀ńdọ́ ṣì ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀ ní Volks dòní. Bàbá náà ti kú, àwọn ọmọ ló fẹ́ tà á. Àkọ́bí ló ń bá wa dúnàádúrà, ó ní òun nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn. Lọ́yà mi, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Bàbá ṣe ìwé ìhágún kí wọ́n tó lọ?"

"Wọn ò ṣe é."

"Ọmọ mélòó ni wọ́n bí?"

"Márùn-ún ni wá."

Àbúrò rẹ̀ tó jókòó tì í bá wolẹ̀. Lọ́yà rí i. "Àbí mẹ́fà?"

Mẹ́fà ni wọ́n. Ọmọbìnrin kan wà n'Íbàdàn, ìyá tirẹ̀ yàtọ̀, wọn kò sì sọ fún un pé àwọn fẹ́ ta ilé bàbá òun náà. Lọ́yà ní àfi kí wọ́n lọ gba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ gíga tó ń jẹ́ kí èèyàn lè ṣètò ogún olóògbé, kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì buwọ́ lùwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a kò ní í san kọ́bọ̀. Mo bínú sí i nígbà náà. Owó mi wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa, náírà ń yọ̀ lójoojúmọ́, òun wá ń bi èèyàn léèrè ọmọ.

Ẹnu ìyẹn la wà tí Ààrẹ Buhari fi wá sí Èkó lọ́jọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2023, tó sì ṣí rélùwéè. Ọ̀rọ̀ náà pa àwọn àgbà lẹ́rìn-ín ní tiwọn, torí ìjọba ológun tí Buhari kan náà ṣe olórí rẹ̀ ló fagi lé rélùwéè tí Jákàńdè fẹ́ ṣe fún Èkó, ní 1985. Èmi kò ráyè ẹ̀rín. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni àkọ́bí pè mí: "Madam, ẹ ti gbọ́ ìròyìn, àbí? Rélùwéè ń bọ̀ o. Owó ọjọ́sí kò lè rà á mọ́." Ó fi owó lé owó. Iye tó fi lé e, àti iye tí mo padà san, ẹ má bínú, n kò ní í sọ ọ́. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, èmi náà kò sì ní í ka owó mi fún aráyé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kúnlẹ̀. N kò bẹ Ọlọ́run pé kó yí ọkàn ọkùnrin náà padà, torí mo ti wo ojú rẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé: "Bàbá, ẹ jẹ́ kó dúró síbi tó dé yẹn ná. Tí mo bá ti sanwó ilé tán, kó máa bọ̀." Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí ọkọ mi, Bàbá Tóbi, má baà gbọ́. Àpápá ni òun ń lọ láràárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wú nínú dánfó.

Kí n tó padà sórí àdúrà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù lágbègbè wa. Ìtòsí ọ̀nà tí mo ń lé kiri yìí náà ló ń pa ilé. Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì, tí wọ́n sì ń wá àyè fún rélùwéè, katapílà wó ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ilé tí ẹ rí ọ̀dà pupa lára rẹ̀, ẹ má bèèrè iye rẹ̀. Sọ́fíyọ̀ mi gbé ìwé sọ́fè ilé tí mo fẹ́ rà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa láti fi wé àwòrán ilẹ̀ ti ìjọba, bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà, bóyá ó bọ́ sínú ààlà ọ̀nà. Kò bọ́ sí ìkankan. Ìgbà yẹn ni mo tó sun oorun.

Èyí tí ìwé kò lè sọ, ẹnu aládùúgbò ló ti ń jáde. Mo lọ wo ilé náà nígbà tí òjò oṣù keje ń rọ̀ gidi. Màmá kan tó ń ta àkàrà ní ojúlé kejì wò mí títí, wọ́n ní: "Ìyàwó, ẹ sún dúrọ́ọ̀mù yẹn." Mo sún un. Ìlà àwọ̀ ilẹ̀ kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó ga tó orúnkún mi, ó gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Níbi tí dúrọ́ọ̀mù kò bò, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún.

"Ṣé omi ṣì ń wọlé, Màmá?"

"Kí wọ́n tó la gọ́tà nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ló ń dé báyìí."

Mo ya fọ́tò ìlà náà. Nígbà tí mo fi han àkọ́bí, ó ní omi tí ẹnì kan dà nù ni. Kò tún sọ ohun mìíràn.

Rìsíìtì lásán ni bàbá olóògbé gbà lọ́wọ́ ìdílé tó ni ilẹ̀ láyé ọjọ́un, lọ́yà sì ní àfi kí olórí ẹbí àtàwọn àgbà tó ń ṣojú ìdílé náà buwọ́ lu ìwé tuntun. Bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, òfo ni. Àwórì ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn tutù. Àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni kò tutù, wọ́n ń bèèrè owó ìpìlẹ̀ lórí ilé tí a ti kọ́ tán! Lọ́yà mú òfin tí Gómìnà Ambode buwọ́ lù ní 2016 jáde, èyí tó ní ẹni tó bá fipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ó ń kà á, olórí ẹbí ń mi orí. Nígbà tó kà á tán, bàbá náà ní: "Lọ́yà, ìwé yín dára. Ẹ fún àwọn ọmọ lówó ọtí." A fún wọn lówó ọtí.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023 ni rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Marina, National Theatre, Orílé, Sùúrù-Alábà, Mile 2. Ó parí síbẹ̀, kìlómítà 13. Mo pe àkọ́bí fúnra mi: "Ẹ̀gbọ́n, rélùwéè yín ti sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 2 o." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, owó wálẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ mi, orúkọ èmi àti Bàbá Tóbi ló sì wà nínú ìwé.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà mi ló dá a dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti pín iṣẹ́ náà sí ìpele méjì ni wọ́n ti mọ ibi tí ti àkọ́kọ́ máa dé. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 2, tí mo rí àwọn abiyamọ tó ń já lu dánfó nínú òjò, ojú máa ń tì mí bí ẹni pé wọ́n mọ̀ mí.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé Amsterdam, ó sì ra fúláàtì tirẹ̀ ní Bijlmer, níbi tí èrò Gánà pọ̀ sí, tí àwa Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Sister mi, nótárì ló ṣe gbogbo ìwé tèmi. Àkọsílẹ̀ ilẹ̀ wọn, Kadaster, ti wà láti 1832. Mo buwọ́ lùwé tán, òfin ṣì fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta láti ronú pìwà dà." Mo ní kó dákẹ́, kó sọ ti rélùwéè tiwọn. Ó wá jẹ́wọ́: 1968 ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọ Bijlmer, 1977 ni rélùwéè ìlú tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ara tù mí lọ́jọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí nísinsìnyí ni yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé mi. Ọmọ LASU kan wá wò ó lọ́dún tó kọjá, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo pe owó fún un. Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, owó yìí ti pọ̀ jù." Mo sì gbọ́ ohùn mi tó ń sọ pé, "Ọmọ mi, rélùwéè ń bọ̀ o." Ó san án. Kìlómítà tó kù sí Okokomaiko, wọ́n ṣì ń ṣe é.

Ìwé tèmi náà kò tíì parí. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà, ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀ ló sì kù fún mi, owó rẹ̀ kò kéré. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ owó yàrá yẹn kò jẹ́ kí n sinmi, mo pe ọmọ LASU yẹn, mo dá ìdajì èlé tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Ìdajì kejì ti bọ́ sínú owó Alausa.